Ọmọ tí kò ní alábàárò ló gba máàkì jù: àkọsílẹ̀ ìwádìí kan lórí ìrónilágbára àwọn ọ̀dọ́langba

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní ìgbèríko orílẹ̀-èdè kan tó ń gòkè àgbà. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí àdúgbò náà kéré, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò tètè dá àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn mọ̀, a sì ti ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n sọ mọ́ orúkọ wọn. Ètò kan ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ, tí òun náà jẹ́ ọmọ àdúgbò, ni atọ́nà wọn. Wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, wọ́n ń kọ́ nípa ara wọn àti ìlera, wọ́n sì ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní kí àwa olùwádìí wò ó bóyá ètò náà ń fún àwọn ọmọ yìí ní agbára lórí ayé ara wọn.

Bí a ó ṣe wọn agbára yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ohun tí a lè rí bí a ti ń rí gíga ọmọ tàbí kíláàsì tó wà. Ìbéèrè ni àwọn olùwádìí ń lò, èyí tó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èyí tó ń béèrè ẹni tó máa ń pinnu nǹkan nínú ilé. Ìwádìí DHS, ìyẹn ìwádìí ńlá lórí iye ènìyàn àti ìlera ìdílé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 tí wọ́n sì ti ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wà lára ohun tó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri. Nínú ìwádìí yẹn, àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, ni wọ́n ń bi pé ta ni ó ń pinnu lórí ìtọ́jú ìlera wọn, lórí ríra ohun ńlá sínú ilé, àti lórí lílọ kí mọ̀lẹ́bí. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ mú irú ìbéèrè yìí, ó sì yí i díẹ̀ kí ó lè bá ọmọdé mu: ta ni ó ń pinnu bóyá wàá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìgbà tí wàá lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí wàá fi owó ọwọ́ rẹ ṣe, ẹni tí wàá lọ kí, iṣẹ́ ilé tí wàá ṣe, àti ìgbà tí wàá wọ ilé ọkọ? Ọmọ tó bá dáhùn pé òun nìkan ni òun ń pinnu gba máàkì tó pọ̀ jù. Èyí tó bá ní òun àti ẹlòmíràn ni, ó gba ìdajì. Èyí tó bá ní ẹlòmíràn ni ó ń pinnu fún òun kò gba nǹkan kan. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo wọn láti ọmọ ọdún 10 títí dé 19, èyí tí í ṣe ìgbà ọ̀dọ́langba gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀.

Nígbà tí èsì ìpele kejì jáde, máàkì àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ kò ga ju ti àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lọ. Ní àwọn ibì kan, wọ́n tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn tó ń náwó sí ètò náà ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́, a kò sì lè sọ pé èrò wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Uganda, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí BRAC, àjọ aládàáni kan láti Bangladesh, dá sílẹ̀ mú kí oyún àti ìgbéyàwó láàárín àwọn ọmọbìnrin dín kù, ó sì mú kí púpọ̀ sí i nínú wọn máa ṣiṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n ní Zambia, níbi tí àjọ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Population Council ti ṣe ètò tó jọ ọ́, nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn tí ètò ti parí, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ nínú ìgbà tí wọ́n ń lọ́kọ tàbí tí wọ́n ń bímọ. Ètò tí a fi inú rere ṣe lè kùnà, olùwádìí kò sì gbọdọ̀ máa wá àwáwí fún un.

Ohun tó jẹ́ kí a dúró ni àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà ní òkè pátápátá. Ọ̀kan nínú wa, dípò kí ó máa wo iye tí a pín dọ́gba fún gbogbo wọn, ṣí ìwé àwọn tó gba máàkì tó ga jù, ó sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé fún wákàtí tó pọ̀ jù, àwọn ni kò sì sí àgbàlagbà kankan nínú ilé wọn lójoojúmọ́. Bí ìwọ̀n náà bá tọ́, a jẹ́ pé àwọn tí ayé le fún jù lọ ni wọ́n lágbára jù lọ, èyí kò sì lè rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ fura sí ni etí àwọn ará ilé. Àwọn tó ń bi ìbéèrè ròyìn pé àgbàlá ni wọ́n ti ń jókòó, pé ìyá yóò máa ro nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ kan, pé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, pé ọmọ náà yóò sì gbé ojú sí ẹnu ọ̀nà yẹn kí ó tó lanu. A yí ètò náà padà. A ń mú ọmọ lọ sí ibi gbangba tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí dára ju inú yàrá lọ, nítorí ilẹ̀kùn tí a tì ń dá ìfura sílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ pàápàá balẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wa ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ibòmíràn ní àkókò kan náà. Fún àwọn ìbéèrè tó le, a gbé ohùn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ máa gbọ́ ìbéèrè ní etí ara rẹ̀ kí ó sì fi ìka tẹ èsì láìsọ ọ́ jáde. Ìwádìí tí Mensch, Hewett àti Erulkar tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 láti Kenya ti fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà bi ọ̀dọ́langba ní ìbéèrè ń yí èsì tí wọ́n ń fún wa lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ padà.

Ìyípadà náà so èso, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí a fojú sí. Iye àwọn tó sọ pé wọ́n ń lù wọ́n nílé pọ̀ sí i, àwọn tó sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n lójú ọ̀nà náà pọ̀ sí i. Máàkì ìpinnu kò kúrò lójú kan. Àwọn tó wà lókè ṣì wà lókè. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa: òótọ́ ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní àwọn nìkan ni àwọn ń pinnu.

A tún wò ó bóyá àwọn ọmọ kan ń dáhùn láti tẹ́ wa lọ́rùn. Ní ìpínlẹ̀ Haryana ní Íńdíà, níbi tí Dhar, Jain àti Jayachandran ti ṣe ìwádìí lórí ètò ilé ẹ̀kọ́ tó ń mú àwọn ọmọ jíròrò nípa ipò ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n lo ìbéèrè kúkúrú kan tó ń fi ẹni tó fẹ́ràn kí a máa yìn ín hàn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń gbé èsì náà ga. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tan ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí ọ̀rọ̀ tiwa, a sì kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí a gbé ìwé ìbéèrè tì, tí a sì jókòó ti àwọn ọmọ díẹ̀, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè ro ọjọ́ wọn fún wa. A ya àwòrán sórí páálí: omi pípọn, oúnjẹ sísè, ọmọ títọ́jú, ẹ̀kọ́, eré, oorun. A fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òkúta wẹ́wẹ́ 24, òkúta kan fún wákàtí kan, a ní kí ó pín wọn sórí àwòrán náà bí ọjọ́ àná rẹ̀ ti rí.

Ọmọbìnrin kan tó tó ọdún 13 wà lára àwọn tó gba máàkì gbogbo. Àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ti bá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ kéékèèké ni wọ́n kù sílé. Ó pín òkúta rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀kan sórí eré, ó wò ó, ó mú un kúrò, ó sì gbé e sórí omi pípọn. Àwòrán ẹ̀kọ́ ṣófo. Ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè rán an létí pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun fúnra òun ló ń pinnu bóyá òun yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì bi í bí ó ṣe ṣe ìpinnu náà. Ọmọ náà ní, “Àǹtí, bí mo bá lọ, ta ni ẹ fẹ́ kó gbé ọmọ?” Wọ́n tún bi í pé nígbà tí ara àbúrò rẹ̀ gbóná, ta ni ó bá sọ ọ́. Ó ní kò sí ẹni tí òun bá sọ ọ́. Nínú ìwé wa, ìdáhùn méjèèjì yìí ti fún un ní máàkì tó ga jù.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé kan náà ni ọmọ ọdún 16 kan wà tí kò gba nǹkan kan lórí ìgbéyàwó, nítorí ó dáhùn pé àwọn òbí òun ló pinnu. Nígbà tí ó wá ro ọ̀rọ̀ náà fún wa, ó ní ẹnì kan ti wá tọrọ òun. Ó sọ fún atọ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ gbèrò ẹni tí bàbá ọmọ náà máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ náà lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ó sọ fún un pé òun fẹ́ parí ẹ̀kọ́ òun kí òun tó lọ sílé ọkọ. Àbúrò bàbá yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú bàbá, bàbá sì ní kí àlejò náà máa lọ ná. Òótọ́ ni pé bàbá ló pinnu. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ló mọ ẹni tí ó yẹ kó rán, èrò ọkàn rẹ̀ ló sì ṣẹ. Òdo ni a kọ fún un.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó dá mi lójú pé ohun tí ìwọ̀n yẹn ń kà fún àwọn ọmọdé ni àìní olùrànlọ́wọ́, tó sì ń pè é ní agbára. Naila Kabeer, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè àwùjọ, ti sọ ohun tí ó yẹ kí a máa wá nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ó ní ìrónilágbára ni ọ̀nà tí àwọn tí a ti fi ẹ̀tọ́ láti yan ohun pàtàkì nínú ayé wọn dù fi ń rí ẹ̀tọ́ náà gbà, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ènìyàn ní lọ́wọ́ tó lè fi ṣe é, agbára láti là á sílẹ̀ kí ó sì ṣe é, àti àbájáde rẹ̀. Yíyàn kò sí níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà. Ọmọ ọdún 13 yẹn kò yan àìlọ sí ilé ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló pinnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 35 tí kò lè lọ sí ilé ìwòsàn láìgba àṣẹ ń jìyà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11 tí òbí rẹ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ń gba ìtọ́jú tó tọ́ sí i. Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989 gba ojú méjèèjì yẹ̀ wò: abala 5 mọ rírì ìtọ́sọ́nà àwọn òbí, pé kí ó máa bá bí òye ọmọ ti ń dàgbà lọ, nígbà tí abala 12 ní kí ọmọ lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí ohun tó kàn án, kí wọ́n sì gbé èrò náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ ti tó. Ibi tí a gbé ìwọ̀n tuntun lé nìyí. A pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, ọdún 10 sí 14 àti ọdún 15 sí 19. Lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, bóyá ọmọ sọ èrò rẹ̀, bóyá ohun tó sọ yí nǹkan kan padà, bóyá ọ̀nà mìíràn wà tó lè gbà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ náà dúró. Bí a ti ń dán an wò, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àlejò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá wọn lẹ́nu. Àwọn òbí kan yọ ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. A dá iṣẹ́ náà dúró, nítorí ìwádìí tó bá gba ohun tí ọmọ ń jàǹfààní lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ìpalára. A pe àwọn bàbá lọ́tọ̀, a pe àwọn ìyá lọ́tọ̀, a sì ka gbogbo ìbéèrè náà sétígbọ̀ọ́ wọn, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìbínú àwọn bàbá kò le tó bí a ti rò. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé, “Kí ló dé tí ẹ kì í bi àwọn ọmọkùnrin wa ní nǹkan kan?” Wọ́n rí i pé ọmọbìnrin nìkan ni gbogbo ètò ń pè, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì ohun tí a ń wá lára wọn.

Ìbéèrè wọn tọ́, a sì gbà á. A fi àwọn ọmọkùnrin kún un. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá kọ̀ di ìtàn kúkúrú nípa ọmọbìnrin kan tí kò sí nínú ìlú náà: ọmọ tí à ń bi yóò sọ ohun tí ó rò pé ọmọ inú ìtàn lè ṣe, àti ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sọ. Àwọn ọmọ kékeré tí kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gan-an. Láti ẹnu àwọn ọmọkùnrin ni a ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lé wọn lọ́wọ́ láti máa ṣọ́ àwọn arábìnrin wọn, pé bí arábìnrin bá pẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn ni wọ́n ń bá wí. Àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ iṣẹ́ yìí rárá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì bi wọ́n. Òkúta wọn náà sọ tirẹ̀: orí eré àti ẹ̀kọ́ ló pọ̀ sí, níbi tí ti àwọn arábìnrin wọn ti pọ̀ sórí omi àti ọmọ.

Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ fara mọ́ ìyípadà ìwọ̀n. Wọ́n ní bí a bá pa ìbéèrè àtijọ́ tì, a kò ní lè fi èsì tuntun wé ti ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé kí a bi ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀ ní ìpele ìkẹyìn, kí a sì tẹ méjèèjì jáde ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ìwọ̀n tuntun, àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ tayọ ní ọ̀nà méjì: wọ́n ń sọ èrò ọkàn wọn nílé ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ní àgbàlagbà kan lóde ilé tí wọ́n lè sá tọ̀. Wákàtí iṣẹ́ ilé wọn kò dín kù. Èrò àwọn arákùnrin wọn nípa wọn kò yí padà, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn arákùnrin wọ̀nyí. Ní Haryana, níbi tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti jọ gba ẹ̀kọ́ náà nínú kíláàsì, ìyípadà tó bá èrò wọn ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ti parí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa gbà á níyànjú láti ṣe ni pé kí ó ka ìwé àwọn ọmọ tó gba máàkì tó ga jù àti àwọn tó gba èyí tó kéré jù kí ó tó ṣe ìṣirò kankan. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, òun ló sì fi àṣìṣe inú ìwọ̀n náà hàn wá, nígbà tí gbogbo ìṣirò wa kò fi hàn. Kí ó má ṣe lo ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún obìnrin ilé ọkọ fún ọmọdé láìjókòó ti àwọn ọmọ díẹ̀ kí wọ́n sọ fún un bí ó ṣe yé wọn. Kí ó fi owó àti àkókò èyí sínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fún un láyè mọ́. Kí ó gba àṣẹ òbí, kí ó gba ti ọmọ fúnra rẹ̀, kí ó sì ka ìbéèrè fún àwọn òbí kí ìròyìn tó kà á fún wọn.

Kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ọmọ bá sọ ohun tó ga ju ìwádìí lọ. Ọmọ ọdún 13 yẹn kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. A ti ní àkọsílẹ̀ àwọn tí a lè ké sí fún ìrànlọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí a bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Ó ní kí a sọ fún atọ́nà ẹgbẹ́, kì í ṣe fún ìjọba. Atọ́nà náà wá ìbátan kan rí tó ń wá gbé àwọn ọmọ kékeré ní òwúrọ̀, ọmọ náà sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ fún apá kan ọjọ́. Nígbà tí a tún bi í ní ìbéèrè àtijọ́ yẹn ní ìpele ìkẹyìn, ó dáhùn pé òun àti ìbátan òun ni àwọn jọ ń pinnu, máàkì rẹ̀ sì wálẹ̀.